Ó Ba Wáyà Bàbá Ìyàwó Lórúkọ Jẹ́

Kí wọ́n tó fẹ́ra wọn, wọ́n ti kọ́kọ́ kórìíra ara wọn dáadáa. Mo tètè ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ẹni tó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ẹnì kejì lẹ́nu ọ̀nà ni mo fẹ́ sọ. Ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìjà ni wọ́n fi dé iwájú àwọn òbí, ìjà ọ̀hún kò sì tíì tán pátápátá títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Kòṣeéṣe ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà níbi iṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Nínú gbogbo àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ náà, ọwọ́ tirẹ̀ ló yá jù. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé àbá kan dé iwájú rẹ̀, kó tó gbọ́ ọ tán, á ti mirí, á ní, "Kò ṣeé ṣe." Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa ronú. Àwọn ilé ìwòsàn ni wọ́n ń ṣe ètò náà fún. Ètò náà ló ń ṣírò ìwọ̀n oògùn tí nọ́ọ̀sì máa fún aláìsàn, bí ọjọ́ orí onítọ̀hún bá ṣe rí àti bí ara rẹ̀ bá ṣe wúwo tó.

Ohun tó ń ṣọ́ ètò náà ni àwọn ìdánwò. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yí nǹkan bín-ín-tín padà nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á dán gbogbo rẹ̀ wò látòkè délẹ̀. Bó bá yege, iná àwọ̀ ewé á tàn lórí pátákó gbàgàdà tó wà lára ògiri. Bí kò bá yege, iná pupa. Kòṣeéṣe ló kọ àwọn ìdánwò yìí, ó sì kọ wọ́n dáadáa, àfi ohun kan: púpọ̀ nínú wọn gbọ́dọ̀ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì jáde lọ bi àwọn ojú òpó kan léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lè parí. Èyí á lọ béèrè orúkọ oògùn, ìyẹn á lọ béèrè ohun tí aago wí. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sín lásán, iná pupa. Bí ojú òpó tí wọ́n ń lọ bi léèrè bá ń tòògbé lọ́hùn-ún, iná pupa. Ó wá di pé bí iná pupa bá tàn, kò sẹ́ni tó ń gbójú sókè mọ́. Wọ́n á kàn ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Tún un ṣe." Wọ́n á tún un ṣe títí á fi di àwọ̀ ewé. Bó bá kọ̀ tí kò dì í, wọ́n á pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kó fò ó kọjá.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ rí báyìí ni wọ́n gba obìnrin kan síṣẹ́ láti máa bójú tó ìdánwò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Adánniwò. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ tó jókòó sí, ó nawọ́.

"Ẹ má bínú pé àlejò ni mí," ó ní. "Ajá tó bá ń gbó sí afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí olè bá dé, ta ló máa dìde? Ẹ jẹ́ ká yọ àwọn ìdánwò yìí kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ká ṣe nǹkan tó máa dúró fún àwọn ojú òpó yẹn nínú ilé níbí, kó máa dá wọn lóhùn bí ti ìta ṣe ń dáhùn."

"Kò ṣeé ṣe," Kòṣeéṣe ní.

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀tàn ni. O fẹ́ kí ìdánwò máa bá ère sọ̀rọ̀, kó wá délé wí pé èèyàn lòun bá pàdé. Ìdánwò mi ò ní àìsàn. Wáyà jákujàku tí wọ́n ń tà fún wa ló ní in." Ó yíjú sí ọ̀gá. "Ẹ ní kí baba tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wa wá tún wáyà ẹ̀ ṣe. Àbí kí ọmọ ẹ̀ tó jókòó síbí yìí bá wa jíṣẹ́ fún un."

Òótọ́ ni: bàbá Adánniwò ni Bàbá Oníwáyà, tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá nìkan ni obìnrin náà sọ ọ́ fún. Kòṣeéṣe ló rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò bàbá náà tí wọ́n de àkàbà mọ́ lórí.

Adánniwò wò ó títí. "Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ la wí," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ gbé e délé bàbá mi. Bàbá mi ò bá yín kọ ìdánwò kankan."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti fẹ́ rójú ara wọn nílẹ̀ mọ́. Bí Kòṣeéṣe bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, á ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ńkọ́?" Bí iṣẹ́ Kòṣeéṣe bá dé ọ̀dọ̀ Adánniwò fún àyẹ̀wò, á tú u wò bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, á sì dá a padà pẹ̀lú àlàyé rẹpẹtẹ. Bí Kòṣeéṣe bá kí i láàárọ̀, ògiri ni obìnrin náà ń dá lóhùn. Ohun tó ń dun Adánniwò jù ni pé ó mọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré. Bàbá ló ń gbé e kiri nínú mọ́tò nígbà tí iléèwé bá ti padé, ó sì rí i bí bàbá ṣe ń tún orí wáyà kan gé lẹ́ẹ̀mẹta torí pé kò tẹ́jú tó. Kí ẹnì kan tí kò gun òrùlé rí wá pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní jákujàku.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni tẹlifóònù dún lórí tábìlì ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì kan ni. Ọ̀gá gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́, bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe sọ fún mi.

"Ta ló ń ṣírò nǹkan yìí fún yín?" nọ́ọ̀sì náà béèrè. Kò pariwo. "Ọmọ ọwọ́ ló wà níwájú mi. Ìwọ̀n oògùn àgbàlagbà ni ètò yín gbé jáde. Mo ti fà á sínú abẹ́rẹ́. Mo ti di apá ọmọ mú. Ojú mi ló kàn kọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ti rẹ̀ mí ju báyìí lọ ńkọ́?"

Wọ́n wádìí rẹ̀. Ìdánwò kan ti rí àṣìṣe náà, ó ti tan iná pupa. Kòṣeéṣe ló wà nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìkánjú sì wà lára rẹ̀. Ó ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni." Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, kò yí padà. Ó wá ní kó fò ó kọjá.

Ó jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé. Adánniwò bá a níbẹ̀. Láti ìgbà ìpàdé yẹn ló ti ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ sí i jọ, ọ̀rọ̀ tó mú bí abẹ. Nígbà tó wá rí i tó di orí mú, ọ̀rọ̀ náà kò wù ú sọ mọ́.

"Sọ ọ́," Kòṣeéṣe ní, kò gbójú sókè.

"Kí ni kí n sọ?"

"Ohun tó wà lẹ́nu ẹ."

"Ọmọ náà wà láàyè. Ìyẹn ló wà lẹ́nu mi."

Ọkùnrin náà wá gbójú sókè. "Báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀ nǹkan tó o wí nípàdé?"

"Ẹ kọ́kọ́ dìde nílẹ̀ ná."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ìrẹ́pọ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Wọ́n lọ gba ìdáhùn tí àwọn ojú òpó ìta máa ń fúnni, wọ́n tọ́jú wọn sínú ilé. Wọ́n kọ ètò kékeré kan tó máa dúró bí arọ́pò wọn: bí ìdánwò bá béèrè orúkọ oògùn, arọ́pò á dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, kò ní sín, kò ní tòògbé. Adánniwò ní ìyẹn nìkan ò tó, kí arọ́pò náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàìsàn pẹ̀lú, kó máa mọ̀ọ́mọ̀ falẹ̀ tàbí kó sọ ìsọkúsọ, kí wọ́n lè mọ ohun tí ètò wọn máa ṣe bí ìta bá bàjẹ́ lóòótọ́.

"Kò ṣeé ṣe," Kòṣeéṣe ní. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ṣe é.

Òun náà kò fi obìnrin náà lọ́rùn sílẹ̀. "Ìdáhùn tá a tọ́jú á di ti àná," ó ní. "Bí ìta bá yí padà, a ò ní mọ̀. A máa jókòó síbí, a máa máa bá òkú sọ̀rọ̀."

Inú bí Adánniwò, torí pé òótọ́ ni. Ó gbé e rò lọ sílé, ó gbé e rò bọ̀. Wọ́n wá fẹnu kò pé ìdánwò kan ṣoṣo ni á máa jáde lọ sí íńtánẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, á fi ìdáhùn ìta wé tinú ilé. Bó bá kùnà, kò ní dá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni dúró. Á kàn sọ ẹni tí ẹ̀bi jẹ́ tirẹ̀: bóyá wáyà ni, bóyá ojú òpó ni, àbí ìdáhùn ló yí padà.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dán an wò, gbogbo ọ́fíìsì rọ́ wá. Adánniwò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ. Wọ́n tan ìdánwò. Àwọ̀ ewé bo pátákó, àfi méjì tó pọ́n. Ẹnì kan ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," torí pé ẹnu ti mọ́ ọn. Ẹlòmíràn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo, nígbà tí wáyà wà nílẹ̀. Wọ́n tún un ṣe. Méjì yẹn náà ló pọ́n. Wọ́n tún un ṣe. Àwọn náà ni.

"Ohun kan náà ló ń sọ," Kòṣeéṣe ní jẹ́jẹ́. Àṣìṣe gidi ni méjèèjì, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fò wọ́n kọjá.

Nígbà tí àwọn èèyàn tú ká, ó dúró síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra etí tábìlì. "Ọ̀tá ni mo fi ẹ́ ṣe látọjọ́ yìí," ó ní. "Mi ò wá mọ ohun tí mo máa fi ẹ́ ṣe báyìí."

"Ẹ máa rò ó."

"Má pè mí ní ẹ mọ́."

Adánniwò rẹ́rìn-ín, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe di olólùfẹ́ nìyẹn, ìfẹ́ tó jẹ́ pé bí o bá gbọ́ wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wàá rò pé wọ́n ń pín ogún. Ṣùgbọ́n bí Kòṣeéṣe ò bá wá síbi iṣẹ́, ọjọ́ náà kì í lọ fún obìnrin náà. Bó bá sì wá, ọkàn rẹ̀ á máa dá a lẹ́jọ́: ṣé ẹni tó dójú ti bàbá ẹ lójú gbogbo ayé lo rí fẹ́? Kò sọ fún bàbá. Ó sọ fún àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó bá wọn tọ́ ọ dàgbà. Àǹtí Aránṣọ kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ohun tó o bá fi pamọ́ fún bàbá ẹ, ìta ló máa ti gbọ́ ọ," ló sọ.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Wáyà méjì ni bàbá ń tà fún ilé iṣẹ́ náà, ẹ̀kejì sì yá ju èkínní lọ, torí ìdánwò nìkan ni wọ́n ṣe ń rà á. Nígbà tí ọ̀gá rí i pé ìdánwò ti ń dá dúró, ó pe bàbá, ó ní kó wá ká wáyà kejì. Àwọn kan nílé iṣẹ́ náà sì bá bàbá ro ìyókù nígbà tó wá ká a. Ó délé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó.

"Wọ́n ní ọkùnrin kan wà níbi iṣẹ́ yín," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Wọ́n ní jákujàku ló ń pe wáyà mi, ó sì fà á yọ lára ògiri kí gbogbo ayé lè rí i pé kò wúlò. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Ó yẹ kó sọ ìyókù. Kò sọ ọ́.

Kòṣeéṣe ní òun máa wá. Àǹtí ní kó ní sùúrù kí òun kọ́kọ́ bá bàbá sọ ọ́, ó ní rárá, òun kì í fi ẹnu ẹlòmíràn jẹun. Ó wá lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó wọ aṣọ tó le gbagidi. Bàbá ní kó jókòó. Bàbá fúnra rẹ̀ kò jókòó.

"Ìwọ ni Kòṣeéṣe."

"Èmi ni, sà."

"Wọ́n ní o pe wáyà mi ní jákujàku."

"Mo pè é bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má—"

"Mi ò tíì ní kó o bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní o fà á yọ lára ògiri."

Adánniwò ń bọ̀ láti yàrá pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Kòṣeéṣe wò ó, ó sì tètè gbé ojú kúrò.

"Wọ́n fà á yọ lóòótọ́, sà."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá wọ́n fà á. Ta ló fà á?"

"Ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn mi, sà."

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu obìnrin náà, kò jáde. Bàbá mí kanlẹ̀.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí," ó ní. "Orí òrùlé onílé ni mo ti wá owó iléèwé ẹ̀. O gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi tán, ọmọ ló wá kù tó o fẹ́ gbà. Ọ̀nà tó o bá wọlé, òun náà ni kó o bá jáde. Má dúró mu omi yẹn."

Adánniwò sáré bá a ní òpópónà.

"Ta ló ní kó o gbà á sọ́rùn?"

"Ìwọ náà dúró síbẹ̀, o dákẹ́."

"Bàbá mi ni."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi dárúkọ nìyẹn. Mi ò parọ́."

"O ò parọ́," obìnrin náà ní. "O kàn fò ó kọjá. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe fò ó tó fẹ́ẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ó mọ̀ bó ti ń jáde lẹ́nu òun pé ọ̀rọ̀ náà ti jìn jù. Kòṣeéṣe yí padà, ó ń lọ, aṣọ tó le náà sì dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá jókòó sẹ́yìnkùlé, ó ń ká wáyà. Adánniwò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo fà á yọ. Èmi náà ni mo dá a lábàá. Kì í ṣe pé wáyà yín ò dáa. Ìdánwò ò gbọdọ̀ gbé ara lé ohun tó wà níta ilé ni, bó ti wù kí ohun náà dáa tó. Mo dákẹ́ lánàá torí ẹ̀rù bà mí."

Bàbá ká wáyà náà tán, ó dè é, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó dáa," ó ní.

Láti orí "ó dáa" yẹn, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá kúnlẹ̀ kí i, á mirí. Ó ń bá rédíò sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá ọmọ lọ. Oṣù ń gorí oṣù. Níbi iṣẹ́, Kòṣeéṣe àti òun ń kí ara wọn bí ẹni tó pàdé nílé ìfowópamọ́. Obìnrin náà ti lọ bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ òpópónà yẹn, ọkùnrin náà sì ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n etí kan ló fi gbọ́ ọ. Nígbà míràn, obìnrin náà á wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí, á máa bi ara rẹ̀ pé ṣé torí èyí lòun ṣe pàdánù bàbá, tí kò sì tíì rí ọkọ.

Ọ̀rọ̀ náà wá sú Àǹtí Aránṣọ. Lọ́jọ́ kan, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ dúró de Kòṣeéṣe lẹ́nu géètì. Ó wò ó látòkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gé aṣọ fún un.

"Èjìká ẹ kan ga ju ìkejì lọ," ó ní. "Ìgbéraga lò ń gbé síbẹ̀. Ṣé o ṣì fẹ́ ọmọ yẹn?"

"Mo fẹ́ ẹ, mà."

"O bú bàbá ẹ̀ níta, o wá fẹ́ tọrọ gáfárà nínú pálọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti tú aṣọ lára èèyàn ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ fún un padà. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ẹnikẹ́ni o. Mo wá sọ fún ẹ ni."

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Kòṣeéṣe dìde. Adánniwò rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Èmi ni mo kọ́ gbogbo ilé yìí láti máa ní 'nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni'," ó ní. "Ní báyìí tá a ti ya ọ̀rọ̀ wáyà sọ́tọ̀, ìdánwò àárọ̀ ń sọ ẹni tó jẹ̀bi fún wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjọ́ tó jẹ́ wáyà. Àwọn ojú òpó ìta ló ń sùn, ìdánwò tèmi ò sì ní sùúrù. Àwa la ba iṣẹ́ ọwọ́ àgbàlagbà yẹn lórúkọ jẹ́, èmi sì ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Ọ̀gá húkọ́. "Mi ò ní ra wáyà kejì padà torí ìyẹn o."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ rà á, sà. Ẹnu mi ni mo wá tún ṣe."

Ó jókòó. Èjìká rẹ̀ méjèèjì bára dọ́gba, tàbí bóyá ojú Adánniwò ló ń tàn án, torí omi ti wà níbẹ̀.

Àǹtí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú bàbá kò yọ́.

"Ó parọ́ mọ́ mi fún ọdún gbọọrọ," ó ní, "ó wá fi ìṣẹ́jú kan ní irọ́ ni. Ẹ wá ní kí n pè é lánà?"

"Ìwọ náà ńkọ́?" Àǹtí dá a lóhùn. "Ẹni tí kò fa wáyà ẹ lo lé jáde. Ẹni tó fà á ń sùn nínú ilé ẹ, o ò lé e, o kàn ń fi ìdákẹ́jẹ́ jẹ ẹ́ níyà. Ta lò ń bínú sí gan-an?"

Bàbá yí rédíò sókè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó yí i sílẹ̀. "Kí ìyá ẹ̀ wá," ó ní.

Ìyá Kòṣeéṣe náà kò fẹ́ wá. Ọmọ òun ni wọ́n lé bí ẹni lé ewúrẹ́, ó ní, kí lòun ń wá lọ síbẹ̀. Ìgbà tó dé, etí àga ló fìdí lé, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà.

"Wọ́n ti lé ọmọ mi níbí rí," ó ní. "Àga tí wọ́n ní kó dìde lórí ẹ̀ ni mo wá wò."

"Òun lẹ jókòó lé," bàbá ní.

Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó yẹ kóun wò. Bàbá wá kọjú sí àbúrò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ kò jìnnà sí i ju ibi tí ọwọ́ lè tó lọ. "Bi ọmọ yẹn léèrè bóyá ọkùnrin yìí máa ń pariwo mọ́ ọn."

"Bàbá ẹ ní ṣé ó máa ń pariwo mọ́ ẹ," Àǹtí ní.

"Ẹ sọ fún wọn pé ó máa ń pariwo. Èmi náà máa ń pariwo mọ́ ọn."

"Bi í pé ta ló máa ń kọ́kọ́ dákẹ́."

Adánniwò ronú. "Ẹni tó bá rí i pé òun ò jàre," ó ní. "Nígbà míràn ó máa ń pẹ́."

Bàbá fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, kò wo àbúrò rẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Mi ò fi ẹ́ fún un," ó ní. "Ìwọ lò ń lọ. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n fini fúnni, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn." Ó yíjú sí Kòṣeéṣe. "Mi ò fẹ́ràn ẹ."

"Mo mọ̀, sà."

"Ó lè pẹ́ kí n tó fẹ́ràn ẹ."

"Màá dúró, sà."

"Níbo? Nínú pálọ̀ mi?"

Ìyá Kòṣeéṣe ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ rín in, ó bò ó mọ́ inú báàgì, ṣùgbọ́n ó jáde.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Bàbá wọ aṣọ tí Àǹtí rán fún un, ó ní ọrùn rẹ̀ fún òun jù, kò sì rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò kankan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi Adánniwò nípa ọ̀rọ̀ yìí, kì í sọ ti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyá Kòṣeéṣe wá yẹn ló máa ń sọ. Àlejò ti lọ tán. Ó ń kó àwọn ife jọ, bàbá sì jókòó síbi tó wà, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?" bàbá béèrè.

Láti ìgbà tí ìdákẹ́jẹ́ ti wọ ilé náà, kò bi í ní irú ìbéèrè yẹn mọ́. Adánniwò sì ti jẹun ní tirẹ̀, Àǹtí ti fún un lóúnjẹ kí àlejò tó dé, ó jẹ ẹ́ yó.

"Rárá, Bàbá," ó ní. "Mi ò tíì jẹun."

Bàbá dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó sì bu oúnjẹ fún àwọn méjèèjì.